Kí ọlọ́pàá àti kọ́ọ̀tù tó dé, ta ló ń mú ọ̀daràn láàárín àwọn ẹ̀yà àtijọ́?

Aríbéèrè

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan lèmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń fà látàná, ó ní láyé àtijọ́ gan-an, kí ọba kankan tó wà, kí ìjọba tó wà, nígbà tí àwọn èèyàn kàn ń gbé ní ẹ̀yà ẹ̀yà, agbo ẹbí agbo ẹbí, pé kò sí òfin kankan, ẹni tó bá lágbára jù ló ń jẹ gàba, tó bá fẹ́ màlúù ẹ á gbà á, tó bá fẹ́ ìyàwó ẹ á gbà á, kò sẹ́ni tó máa bi í. Èmi ò gbà. Torí tó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, báwo wá ni wọ́n ṣe gbé pọ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí wọn ò pa ara wọn tán? Àmọ́ mi ò ní ẹ̀rí tí mo lè kó síwájú ẹ̀. Ẹ wò ó, kò sí ọlọ́pàá, kò sí kọ́ọ̀tù, kò sí ẹ̀wọ̀n, ìwé tí wọ́n máa kọ òfin sí gan-an kò sí. Tí ẹnìkan bá wá pa ẹlòmíì ńkọ́, ta ló máa mú un? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ gírámà, àpẹẹrẹ ni mo fẹ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ṣe é.

BàbáÌbejì

Aríbéèrè, ìwọ lo jàre, àmọ́ má tíì yọ̀ púpọ̀. Ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ sọ yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá ti sọ ọ́ rí. Thomas Hobbes, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 1651 pé níbi tí kò bá ti sí aláṣẹ tó ń dẹ́rù ba gbogbo èèyàn, olúkúlùkù á máa bá olúkúlùkù jagun ni. Kò dé àárín ẹ̀yà kankan tó fi kọ ọ́ o, ogun abẹ́lé ilẹ̀ tiwọn ló kó sí i lára.

Ẹni tó dé ibẹ̀ rí nǹkan míì. Gba àwọn Nuer yẹ̀ wò, darandaran ni wọ́n, ní ibi tó di South Sudan lónìí. Láàárín 1930 sí 1936 ni Evans-Pritchard, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣèwádìí nípa àṣà àwọn èèyàn, ń lọ gbé láàárín wọn, kò rí ọba, kò rí olórí tó lè pàṣẹ kí wọ́n tẹ̀ lé e, síbẹ̀ ó rí i pé nǹkan wọn létò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ti apànìyàn nìyí. Tó bá ti pa èèyàn tán, kò ní lọ sílé ara ẹ̀, ilé ọkùnrin kan tó ń ró awọ ẹkùn ló máa sá gbà. Ọkùnrin yìí kì í ṣe olóyè bí a ṣe mọ̀ ọ́n, kò ní ọmọ ogun, kò ní ẹmẹ̀wà, bí àwòrò ilẹ̀ ló ṣe jẹ́. Á fa nǹkan mímú sí apá apànìyàn yẹn kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, torí kó tó ṣe é, apànìyàn yẹn ò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu. Lẹ́yìn ìyẹn, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà nínú ilé yẹn, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án, àmọ́ àwọn ẹbí òkú wà níta pẹ̀lú ọ̀kọ̀ o, wọ́n ń ṣọ́ ọ, tó bá fi lè ṣèèṣì yọjú, ó parí.

Àsìkò díẹ̀ á kọjá, wọ́n á sìnkú tán, inú á rọ̀ díẹ̀. Aláwọ-ẹkùn wa á wá lọ bá ẹbí apànìyàn, á wo iye màlúù tí wọ́n ní, á tún lọ bá ẹbí òkú pé kí wọ́n gbà á. Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé: ẹbí òkú gbọ́dọ̀ kọ̀. Kódà tí màlúù yẹn bá ń wù wọ́n, wọ́n á kọ̀ ọ́, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ àwọn kì í ṣe ọjà, ẹ̀jẹ̀ làwọn fẹ́. Ó dìgbà tí aláwọ-ẹkùn yẹn bá halẹ̀ pé òun máa ṣẹ́ èpè lé wọn kí wọ́n tó gbà, wọ́n á sì sọ pé torí tiẹ̀ làwọn ṣe gbà o, kì í ṣe torí màlúù. Báyìí, kò sẹ́ni tó máa lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n jẹ́ ojo. Láyé àtijọ́ tiwọn, màlúù 40 sí 50 ni owó ẹ̀jẹ̀ èèyàn kan, wọn kì í sì í san án lẹ́ẹ̀kan, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n á fi lára màlúù yẹn fẹ́ ìyàwó ní orúkọ ẹni tó kú, ọmọ tí ìyàwó yẹn bá bí, ọmọ òkú ni wọ́n ń jẹ́, kí orúkọ ẹ̀ má bàa parẹ́.

Ó yá, bi ara ẹ, ta ló san màlúù 40? Kì í ṣe apànìyàn nìkan, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Bàbá ẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀, àwọn ìbátan ẹ̀ lóríṣiríṣi ni. Ìyẹn ni pé tí o bá ní àbúrò tó ń bínú fùfù, ìwọ gan-an lo máa di ọlọ́pàá ẹ̀, torí ẹran ẹ ló máa lọ.

Kòṣeégbàgbọ́

Ẹ̀gbọ́n BàbáÌbejì, ẹ ṣé o, ó dùn ún kà. Àmọ́ tí wọ́n bá sọ pé àwọn ò san ńkọ́? Tí wọ́n bá pọ̀ ju ẹbí òkú lọ, tí wọ́n ní kí wọ́n wá gbà á bí wọ́n bá tó bẹ́ẹ̀? Lójú tèmi, alágbára náà ló ṣì borí, awọ ẹkùn yẹn kàn jẹ́ ọ̀ṣọ́ ni.

BàbáÌbejì

Ìbéèrè gidi. Tí wọ́n bá kọ̀, ìjà ẹ̀san nìyẹn, ó sì ń ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kì í ṣẹlẹ̀. Àmọ́ wo ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀. Tí apànìyàn àti òkú bá jẹ́ ará abúlé kan náà, wọ́n máa ń tètè yanjú ẹ̀, torí èèwọ̀ wà pé ẹbí apànìyàn àti ẹbí òkú ò gbọdọ̀ jẹun pọ̀ tàbí mu nínú ohun èlò kan náà títí wọ́n á fi yanjú ẹ̀. Ẹ jọ wà nílé, ẹ jọ ń da ẹran, ọmọ yín fẹ́ ọmọ wọn, ẹ sì wá ń sá fún igbá ara yín, ọjọ́ mélòó lẹ máa lè ṣe é dà? Tí wọ́n bá jìnnà díẹ̀ síra, á pẹ́ kí wọ́n tó yanjú ẹ̀, ìjà lè bẹ́ ní ìgbà mélòó kan. Tó bá wá jẹ́ ẹ̀yà míì pátápátá, kò sí pé à ń san màlúù, ogun ni. Torí náà ọ̀rẹ́ Aríbéèrè rí òótọ́ díẹ̀, ibi tí àjọṣe bá parí sí, ibẹ̀ ni òfin náà parí sí.

Lọ́yàTòun

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti ẹ̀gbẹ́ tèmi. Tí ẹ bá rò pé owó ẹ̀jẹ̀ jẹ́ nǹkan àwọn darandaran nìkan, ẹ wo òfin Æthelberht, ọba Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ọdún 600 ni wọ́n kọ ọ́, òun ni òfin tó pẹ́ jù tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ tó ṣẹ́kù dòní. Ọba ti wà nígbà yẹn lóòótọ́, àmọ́ àṣà ẹ̀yà tó ti wà kí ọba tó dé ló kún inú ẹ̀. Tí ẹ bá kà á, bí ìwé iye owó ọjà ló rí. Etí tí wọ́n gé kúrò, ṣílè 12. Àtàǹpàkò, ṣílè 20. Èékánná àtàǹpàkò, ṣílè 3. Eyín iwájú mẹ́rin, ṣílè 6 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀mí ọmọlúàbí tí kì í ṣe ẹrú, ṣílè 100. Wọ́n ò sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n rárá o, torí kò sí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n máa kó èèyàn sí, ta ló máa bọ́ ọ?

Mo rí i tí àwọn èèyàn ń sọ pé ayé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ojú fún ojú, eyín fún eyín," pé ìgbà tí ọ̀làjú dé ni wọ́n wá ń gba owó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Mesopotamia, ibi tó di Iraq lónìí, òfin ọba Ur-Nammu tó ti tó nǹkan bí 2100 ṣáájú Kristi ní kí ẹni tó fọ́ ojú ẹnìkejì wọn fàdákà fún un. Hammurabi, ọba Bábílónì, dé ní nǹkan bí 350 ọdún lẹ́yìn ìyẹn, òun ló wá ní tí ọ̀tọ̀kùlú bá fọ́ ojú ọ̀tọ̀kùlú ẹgbẹ́ ẹ̀ kí wọ́n fọ́ tiẹ̀ náà, tó bá jẹ́ ojú mẹ̀kúnnù ló fọ́, owó ṣì ni. Ọba tó ní agbára ló lè fọ́ ojú èèyàn kó sì sùn dáadáa. Abúlé tí kò ní ọba ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá fọ́ ojú ọmọ ẹbí kan, ẹbí yẹn náà á dìde, ó tán nìyẹn. Owó ni wọ́n máa ń fẹ́ torí owó ló ń pa iná.

Kòṣeégbàgbọ́

Ó da náà. Àmọ́ gbogbo èyí, ìjà àti ẹ̀jẹ̀ ni. Òfin kéékèèké ńkọ́? Ta ló ń ṣòfin? Àbí bí wọ́n ṣe bá a náà ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ láti ayé Nóà?

ỌmọỌlọ́dẹ

Hmm, èyí tèmi ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àṣà kì í yí padà, pé àwọn baba ńlá sọ ọ́, ó ti tán. Ẹ gbọ́ ìtàn ẹṣin yìí. Ó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn Cheyenne, àwọn tó ń ṣọdẹ ẹfọ̀n ní pápá gbalasa Amẹ́ríkà, àwọn àgbà wọn ló sọ ọ́ fún lọ́yà kan tó ń jẹ́ Karl Llewellyn àti E. Adamson Hoebel, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1941.

Ọkùnrin kan ní ẹṣin, ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá, kò bá a nílé, ó gbé ẹṣin yẹn lọ sójú ogun. Ó fi ọrun àti ọfà tiẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè mọ ẹni tó gbé e, kì í ṣe olè lójú ara ẹ̀, ọ̀rẹ́ ṣáà ni wọ́n. Ọdún kan kọjá, kò sí ẹṣin, kò sí ọ̀rẹ́. Onítọ̀hún wá lọ bá ẹgbẹ́ ológun tó wà, ẹgbẹ́ Elk, ó ní ẹ̀yin èèyàn mi, ọrun àti ọfà ẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi, kí ni kí n ṣe? Àwọn olórí ẹgbẹ́ ránṣẹ́ lọ sí àgọ́ tó jìnnà tí ọ̀rẹ́ yẹn wà. Ó dé, ó mú ẹṣin yẹn wá, ó tún fa ẹṣin kejì lọ́wọ́, ó ṣàlàyé pé ìrìn àjò ló fà gùn ju bí òun ṣe rò lọ, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun mú èyí tó bá wù ú, tàbí kó mú méjèèjì. Ẹni tó lẹ́ṣin gbà, wọ́n tún fi bẹ́ẹ̀ di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́.

Ẹ̀yin lè ní ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Àwọn olórí ẹgbẹ́ ní tóò, a máa ṣe òfin tuntun báyìí, láti òní lọ kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé ẹṣin ẹlòmíì láì béèrè, ẹni tó bá gbé e, a máa lọ gbà á padà fún ẹni tó ni ín, tó bá ń ṣagídí, ẹgba ni. Ẹ rí i? Kéèsì kan ló wọlé, òfin ló jáde. Kò sí ilé aṣòfin, kò sí ẹni tó dìbò.

Àwọn ẹgbẹ́ ológun yìí náà ló ń ṣọ́ ọdẹ ẹfọ̀n. Tí gbogbo àgọ́ bá fẹ́ lọ ọdẹ pọ̀, ẹnì kankan ò gbọdọ̀ ṣáájú, torí tó bá lé agbo ẹfọ̀n sá, ebi á pa gbogbo ilé. Ìgbà kan àwọn ọ̀dọ́ méjì ṣáájú, wọ́n nà wọ́n, wọ́n pa ẹṣin wọn, wọ́n fọ́ ìbọn wọn. Nígbà tó yá tí wọ́n rí i pé àwọn ọmọ yìí ò ní nǹkan kan mọ́, ẹgbẹ́ yẹn kan náà ló dá ẹṣin àti ìbọn jọ fún wọn. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn àwọn èèyàn yìí nìyẹn, wọ́n na ọmọ, wọ́n sì tún wá ẹṣin fún un.

Ìyá_Àrẹ̀mú

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti fi ẹṣin àti màlúù kún gbogbo ibẹ̀, ẹ ò sọ ti ẹni tí kò ní ẹbí tó pọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní mo tún ti dé. Láàárín àwọn Sòmálíà, àwọn tó jọ ń san owó ẹ̀jẹ̀ fún ara wọn ní àdéhùn láàárín ara wọn, ràkúnmí 100 ni ti ọkùnrin, 50 ni ti obìnrin. Àbọ̀ o. Ìyẹn ò tíì parí di òní olónìí, ó ṣì wà. Ẹ tún wo àwọn Ifugao ní òkè Luzon ní Philippines, Roy Barton tó jẹ́ tíṣà níbẹ̀ ló kọ òfin wọn sílẹ̀ ní 1919. Ìtanràn pín sọ́nà mẹ́ta, ti olówó lọ́tọ̀, ti aláàbọ̀ lọ́tọ̀, ti tálákà lọ́tọ̀. Wọn ò ní olóyè tó ń dájọ́, alárinà kan ló máa ń lọ ló máa ń bọ̀ láàárín ẹbí méjèèjì tó ń jà, àwọn tó ń jà ò gbọdọ̀ fojú kan ara wọn nígbà yẹn, á bẹ̀ síbí, á halẹ̀ sọ́hùn-ún, títí wọ́n á fi gbà. Ó dáa, mo gbà pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Àmọ́ tí ẹbí tèmi ò bá pọ̀, kí ni alárinà máa fi halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni fún mi? Sísítẹ́ẹ̀mù tí ẹ ń yìn yẹn, ẹni tó léèyàn lẹ́yìn ló wà fún.

Àti pé ẹ̀bi ẹnìkan, gbogbo ilé ló ń jẹ ẹ́. Ọmọ kékeré tí kò mọ nǹkan kan, wọ́n lè gbẹ̀san lára ẹ̀ torí ohun tí àbúrò bàbá ẹ̀ ṣe. Èmi ò lè pe ìyẹn ní ìdájọ́.

BàbáÌbejì

Ìyá_Àrẹ̀mú, mi ò ní jiyàn lórí èyí, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kìkì pé kì í ṣe gbogbo ibi ni ẹbí ti ń pinnu gbogbo ẹ̀. Àwọn Inuit, níbi tí kò ju ìdílé mélòó kan lọ tó ń gbé papọ̀ lórí yìnyín, tí ọkùnrin méjì bá ń jà ní ìlà-oòrùn Greenland, wọ́n lè fi orin yanjú ẹ̀. Olúkúlùkù á mú ìlù, á dúró síwájú gbogbo èèyàn, á fi orin bú ẹnìkejì, á tú àṣírí ẹ̀, ẹnìkejì á dúró síbẹ̀, á gbọ́ ọ tán, kó tó kọ tiẹ̀. Ẹni tí àwọn èèyàn bá fi rẹ́rìn-ín jù ló jẹ̀bi. Ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni o, níbi tí o ti máa rí àwọn èèyàn yẹn kan náà lójoojúmọ́ ayé ẹ, tí kò síbi tó o máa sá lọ.

Àmọ́ tí ẹnìkan bá ti di apànìyàn paraku, tó ti pa ju ẹyọ kan lọ, orin ti tán nìyẹn. Wọ́n á jíròrò láàárín ara wọn, wọ́n á fi ẹnu kò, ẹnìkan á sì pa á, nígbà míì ìbátan ẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń ní kó ṣe é. Ẹ mọ̀dí ẹ̀? Kí ó má bàa sí ẹni tó máa gbẹ̀san.

Aríbéèrè

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni, orí mi ti kún. Ìbéèrè kan ló kù. Ẹni tí wọ́n dájọ́ fún tó kọ̀ tí kò ṣe é, tí ẹbí ẹ̀ náà wá sọ pé àwọn ò sí nídìí ẹ̀ mọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i?

Lọ́yàTòun

Lọ sí Iceland fún ìyẹn, wọn ò ní ọba fún ohun tó lé ní 300 ọdún. Ní 930 ni wọ́n dá Althing sílẹ̀, ìpàdé gbogbo ilẹ̀ tó máa ń wáyé lọ́dọọdún. Wọ́n ní kọ́ọ̀tù, wọ́n ní ọkùnrin kan tó máa ń ka òfin jáde láti orí, ìdá kan nínú mẹ́ta lọ́dún kan, kó fi máa pé ọdún mẹ́ta á ti kà á tán, ìgbà òtútù 1117 sí 1118 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí wọn ò ní ni ẹni tó máa lọ mú èèyàn. Kọ́ọ̀tù á dájọ́, ìwọ tó o jàre lo máa lọ fi ọwọ́ ara ẹ gbà á.

Tí ẹni yẹn bá kọ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lábẹ́ òfin. Èyí tó kéré, kó kúrò nílẹ̀ náà fún ọdún mẹ́ta. Èyí tó le, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fún un lóúnjẹ, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbà á sílé, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ọkọ̀ ojú omi gbé e jáde, ẹni tó bá sì pa á ò ní san kọ́bọ̀. Fojú inú wò ó, nínú òtútù Iceland.

Kòṣeégbàgbọ́

Kò burú, mo gbà pé òfin wà. Ṣùgbọ́n sísítẹ́ẹ̀mù Iceland yẹn náà ti kú, àbí kò kú? Torí kò sí ọlọ́pàá.

Lọ́yàTòun

Ó kú o, àmọ́ kì í ṣe ohun tó o rò ló pa á. Níbẹ̀rẹ̀, ipò olórí ju ọgbọ̀n lọ, tí olórí tìẹ bá ń yàn ẹ́ jẹ, o lè kúrò lẹ́yìn ẹ̀ kó o lọ tẹ̀ lé ẹlòmíì. Ẹni tí kò lágbára, irú ẹni tí Ìyá_Àrẹ̀mú ń sọ, lè gbé ẹjọ́ ẹ̀ fún alágbára kan pé kó bá òun jà á. Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn olórí ṣì pọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn dupò. Ìgbà tó fi máa di nǹkan bí 1220, ìdílé bíi márùn-ún mẹ́fà ti kó ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ipò yẹn sápò. Ta lo wá fẹ́ lọ bá nígbà yẹn? Àwọn ìdílé yìí bẹ̀rẹ̀ ogun láàárín ara wọn, ó le débi pé láàárín 1262 sí 1264, àwọn ará Iceland fúnra wọn ló gbà kí ọba Norway wá máa jọba lé àwọn lórí. Àmọ́ láti 930 títí di nǹkan bí 1220, ìyẹn bíi 290 ọdún, kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀ bákan náà, ilẹ̀ ò sì dàrú.

Ìyá_Àrẹ̀mú

Tóò, Lọ́yàTòun, níbi tí alágbára ti pọ̀ tó wọn ò lè fi ọ́ ṣeré, èyí yẹn mo gbọ́ ọ yé. Àmọ́ ẹni tó gbé ẹjọ́ ẹ̀ fún alágbára, èló ló ń kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn tí alágbára bá ti mú tiẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn ìyẹn kí n tó gbà.